Orúkọ Tí Ìyàwó Kò Lè Kọ Sára Ìgò

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rù ni wọ́n fi ń jẹ oyè ní ilé ìwòsàn ìjọ tó wà ní Òmù-Àrán nígbà náà, Caroline ni wọn ì bá fi joyè. Ọmọ Ìjàrà-Ìsin ni. Ó ka ìwé méje tán, ó gba iṣẹ́ ìgbálẹ̀ ní ilé ìwòsàn, ó sì ń nu ìgò tó wà lórí pẹpẹ lọ́jọ́ kan nígbà tí Ọ̀gá Ignatius Awóyẹmí, olórí yàrá àyẹ̀wò, gbọ́ tó ń ka àkọlé ara wọn jẹ́jẹ́. Ọ̀gá gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún un ní kóòtù funfun. Kóòtù náà gùn dé kókósẹ̀ rẹ̀, àfi bíi wòlíì kékeré.

Ọjọ́ kìíní tí Ọ̀gá mú un yí yàrá náà ká ni ẹ̀rù ti wọ ọ́ lára.

"Ìgò yìí, ásíìdì ni. Bó bá kán sí ọ lára, yóò jẹ ẹran débi eegun."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Inú ike yẹn, kélébè oníkọ́ ife ni. Má ṣí i láìbo imú, má sì mí sí i."

"Kí n má mí, sà?"

"Máa mí, ṣùgbọ́n má mí síbẹ̀. Gíláàsì tó bá fọ́, má fi ọwọ́ kó o. Má jẹun níbí, má mu omi níbí, má fi bírò há ẹnu. Tí o bá ti jáde, fọ ọwọ́."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Caroline fi ṣíbí jẹ iyán. Ẹni tó bá ti rí ibi tí wọ́n ti ń fi ṣíbí jẹ iyán nílẹ̀ Ìgbómìnà kó wá sọ. Ìyá rẹ̀ wò ó títí, ó ní, "Ṣé àwọn òyìnbó ti gbé ọwọ́ rẹ lọ ni?"

Láàárín ọdún méjì, ẹ̀rù náà di iṣẹ́. Ọṣẹ tó yẹ kí yàrá àyẹ̀wò fi ṣe ọ̀sẹ̀ kan kì í rí Ọjọ́rú, Ọ̀gá sì sọ ọ́ ní Ìyàwó Ọṣẹ. Bí ọ̀bẹ bá ha á níka díẹ̀ nílé ìdáná, á fi bándéèjì wé e títí ìka náà á fi tóbi bí iṣu kékeré. Àwọn àgbà iṣẹ́ nígbà náà, ẹnu ni wọ́n fi ń fa ẹ̀jẹ̀ sókè nínú ọ̀pá gíláàsì, Ọ̀gá pàápàá ń ṣe bẹ́ẹ̀. Caroline kọ̀ jálẹ̀. Ó bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi wá rọ́bà kan tí wọ́n ń tẹ̀ fún un, ó sì ń tọ́jú rọ́bà náà bí ẹyin.

Salaudeen awakọ̀ ilé ìwòsàn fẹ́ràn láti máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Á dúró lójú fèrèsé pẹ̀lú àgbàdo sísun lọ́wọ́.

"Ìyàwó Ọṣẹ, gba ìdajì."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fẹ́ pa mí ni?"

"Àgbàdo ló fẹ́ pa ọ́?"

"Ibi tí mo dúró sí ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sẹ́yìn, èéfín rẹ̀ ń wọlé."

"Hẹn-ẹn! Láti ọjọ́ tí ìjọba ti ní ká fi ọwọ́ òsì sílẹ̀, ká máa wa mọ́tò lọ́wọ́ ọ̀tún, mo rò pé èmi lẹ̀rù ń bà jù ní gbogbo Kwara. Àṣé mo ní ọ̀gá."

Ohun kan péré ni kò ba Caroline lẹ́rù nínú yàrá yẹn. Ọ̀gá kọ òfin mẹ́sàn-án sára páálí, ó kàn án mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ìkẹfà wí pé: Kọ orúkọ aláìsàn sára ìgò kí o tó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, bí ó ti wà nínú káàdì rẹ̀. Ìgò tí kò ní orúkọ, dà á nù, lọ gba òmíràn. Caroline mọ̀ ọ́n sórí, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ kò já sí i rí. Ásíìdì ń jẹ ẹran, gíláàsì ń gé ọwọ́, ikọ́ ife ń pa ènìyàn. Bébà ńkọ́? Ta ni bébà pa rí?

Oṣù mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tí a fẹ́ sọ yìí ló lọ sílé ọkọ. Jòhánù ni ọkọ rẹ̀ ń jẹ́, olùkọ́ ni ní Àjàṣẹ́-Ìpo, ọjọ́ Ẹtì ló máa ń wálé. Ilé àwọn ọkọ rẹ̀ kò jìnnà sí ilé ìwòsàn, ilé onígbàgbọ́ ni, ṣùgbọ́n ilé tó mọ àṣà ni pẹ̀lú. Ìyá Jòhánù, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá, ń ka Bíbélì Yorùbá láìwo àlàyé ẹnikẹ́ni, kò sì gbà kí ìyàwó pe orúkọ ẹni tó ti wà nínú ilé kó tó dé. Ọmọ ọwọ́ tó bá ṣáájú rẹ̀ wọlé pàápàá, ọkọ rẹ̀ ni. Ìyàwó á wò ó láti òkè délẹ̀, á wá orúkọ tó dùn létí, á máa fi pè é.

Caroline gbádùn èyí ju bó ṣe gbádùn ìyókù ìgbéyàwó lọ. Janet, àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin, ní eyín funfun báláú, ó sọ ọ́ ní Eyínafẹ́. Ọládayọ̀, àbúrò ọkọ rẹ̀ ọkùnrin, dúdú tó ń dán bí ẹni pé wọ́n fi àdí pa á, ó sọ ọ́ ní Adúmáadán. Orúkọ náà mọ́ wọn lára rẹ́gí.

Ṣùgbọ́n Caroline kọ́ ni ìyàwó kan ṣoṣo nínú ilé. Eunice, ìyàwó ẹ̀gbọ́n Jòhánù, ti dé ṣáájú rẹ̀ ní ọdún mẹ́fà, òun náà ti fún gbogbo ọkọ lórúkọ. Ọmọ ìyá kan náà ni Janet àti Ọládayọ̀: àwọn méjèèjì ló dúdú, àwọn méjèèjì ló ní eyín funfun. Lẹ́nu Eunice, Janet ni Adúmáadán, Ọládayọ̀ ni Eyínafẹ́. Wọ́n ti fi rẹ́rìn-ín nílé ìdáná rí. Eunice ní, "Ìyàwó, o gbé orúkọ tèmi, o lọ gbé e fún ẹlòmíràn." Caroline ní, "Ìyálé mi, ẹ má bínú, ọkọ ló pọ̀ ju orúkọ lọ." Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Nígbà tí oyún Janet pé oṣù, ó kúrò nílé ọkọ rẹ̀ ní Àrán-Ọ̀rin wá bímọ ní Òmù-Àrán, lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ kan tí òjò ṣú, kò rọ̀, ló bí ọmọkùnrin kan ní ìdájí. Ọmọ ké. Ibi ọmọ jáde. Ẹ̀jẹ̀ ni kò dúró.

Ní aago mẹ́jọ, Dókítà Ògúntúndé ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò: ẹ̀jẹ̀, kíákíá. Ọládayọ̀ ni ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo tó wà nítòsí, oko ló ti sáré wá, ẹrẹ̀ ṣì wà ní orúnkún rẹ̀. Wọ́n mú un jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Janet. Ọ̀gá ní kí Caroline lọ gba díẹ̀ lára ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì, kí wọ́n fi wò ó bóyá ti àbúrò bá ti ẹ̀gbọ́n mu.

Bí ó ṣe dé wọ́ọ̀dù, ó bá Janet tí ètè rẹ̀ ti funfun. Eyínafẹ́ rẹ̀ tó ń bá a rẹ́rìn-ín lánàá! Caroline wá iṣan, ó rí i, ó fa ẹ̀jẹ̀. Ó fa ti Ọládayọ̀ náà. Ó yọ bírò.

Ìyá dúró ní ẹsẹ̀ ibùsùn, ó gbé ọmọ tuntun mọ́ àyà. Ojú rẹ̀ wà lára bírò yẹn.

Caroline wo ìgò. Ó wo Ìyá. Ẹnu ni àṣà bá wí, àṣà kò dárúkọ ọwọ́. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ dúró síbẹ̀ jiyàn òfin pẹ̀lú ìyá ọkọ tí ọmọ rẹ̀ ń kú lọ? Ó ní nínú ara rẹ̀ pé òun á yí i padà tí òun bá dé yàrá àyẹ̀wò. Ó kọ Eyínafẹ́ sára ìgò Janet. Ó kọ Adúmáadán sára ìgò Ọládayọ̀. Ìyá kà á, ó mi orí díẹ̀. Nínú gbogbo ìpọ́njú òwúrọ̀ yẹn, ìyàwó rẹ̀ ṣì mọ ara rẹ̀ níyàwó.

Caroline sáré padà. Bí ó ṣe gbé ìgò méjèèjì kalẹ̀, Ọ̀gá ké láti ẹ̀yìn pé, "Dókítà ní ìgò kan kò ní tó o! Sáré lọ yàrá iṣẹ́ abẹ, se abẹ́rẹ́ àti rọ́bà tí a máa fi gba èkejì!" Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbé e jáde kí orí rẹ̀ tó rántí ohun tó fẹ́ yí padà.

Omi pẹ́ kó tó hó. Ó dúró tì í, ó ń gbàdúrà fún Janet, ó ń wo ago. Ó ṣe gbogbo rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ: ó ka ìṣẹ́jú rẹ̀ pé, ó fi ohun ìmúnǹkan tó mọ́ gbé wọn, kò jẹ́ kí èékánná rẹ̀ kan ohunkóhun.

Nígbà tó padà dé, Ọládayọ̀ ló bá lórí bẹ́ǹṣì, ó ká apá kò, ó ń mu tíì.

"Ìyàwó mi, wọ́n ti dá mi bí ẹmu," ló wí. "Ọ̀gá rẹ ní ẹ̀jẹ̀ mi bá tirẹ̀ mu. Wọ́n ti gbé e lọ."

"Ẹ ṣeun, ọkọ mi. Ẹ mu tíì yẹn tán."

Ó fa ìwé àkọsílẹ̀ mọ́ra kó kọ aago tí òun se abẹ́rẹ́. Ó rí ìwé ọwọ́ Ọ̀gá, pẹ̀lú bírò pupa:

Adúmáadán, Janet ni. Ẹ̀jẹ̀ A.
Eyínafẹ́, Ọládayọ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ O.
Wọ́n bára mu.

Caroline kà á lẹ́ẹ̀kan. Ó yíjú sí Ọládayọ̀.

"Ta ló sọ fún Ọ̀gá ẹni tó ń jẹ́ Eyínafẹ́?"

"Ìyàwó mi Eunice ni. Ó wà ní báráńdà. Ọ̀gá ń bínú pé, 'Irú orúkọ wo nìyí?' Eunice ní, 'Ọládayọ̀ ni Eyínafẹ́, Ọ̀gá, èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.' Kí ló dé?"

Caroline fi ìka tọ ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀jẹ̀ O lè wọ ara ẹlẹ́jẹ̀ A láìsí ìjà. Ohun tí Ọ̀gá rí nínú gíláàsì rẹ̀ nìyẹn, ìdí nìyẹn tí kò fi rí i kó ṣù jọ. Ṣùgbọ́n ìgò ti dorí kodò. Janet ló ni O. Ọládayọ̀ ló ni A. Ẹ̀jẹ̀ A tó bá wọ ara ẹlẹ́jẹ̀ O, á fọ́ nínú iṣan, á dí kíndìnrín, á pa ènìyàn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀gá ti fi yé e lẹ́ẹ̀mẹwàá. Kò sì sí ásíìdì kankan nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì lórí bébà ni.

Ó sá. Kóòtù rẹ̀ há a lẹ́sẹ̀, ó fà á sókè dé orúnkún, ó ń sá lọ. Bàtà kan kù sẹ́yìn nínú ẹrẹ̀ òjò àná.

Ìgò ẹ̀jẹ̀ ti wà lókè lórí irin. Ó ti ń kán. Sísítà, nọ́ọ̀sì àgbà, ọmọ Ìbàdàn, dúró tì í, ó ń ka bó ṣe ń kán.

"Sísítà, ẹ dá a dúró! Ẹ̀jẹ̀ Adúmáadán kò gbọdọ̀ wọ ara Eyínafẹ́!"

Sísítà yíjú. "Kí lo wí? Ta ni Adúmáadán? Aláìsàn wo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní wọ́ọ̀dù mi?"

Caroline la ẹnu. Ìyá wà níbẹ̀, ó ń wò ó. Ó gbé orúkọ náà mì. Ó nawọ́ sí ibùsùn. "Òun! Òun ni! Ọkọ mi!"

"Ṣebí Àjàṣẹ́ ni mo mọ ọkọ rẹ sí?"

Janet mi orí lórí ìrọ̀rí. "Ìyá," ló wí, ohùn rẹ̀ kéré. "Ẹ̀yìn ń ro mí. Òtútù. Òtútù ń mú mi."

Caroline mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ tí kò bára mu ló ń fa ẹ̀yìn ríro yẹn.

"Janet!" ló ké, gbogbo wọ́ọ̀dù gbọ́ ọ. "Janet ni Eyínafẹ́! Ẹ̀jẹ̀ Ọládayọ̀ kò bá ti Janet mu, yóò pa Janet!" Ó sì fo mọ́ rọ́bà náà, ó ká a lójú méjèèjì, ó dì í mú.

"Ìyàwó!" ni Ìyá wí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà ni.

Sísítà kò béèrè nǹkan mìíràn. Ó yọ rọ́bà náà lẹ́nu abẹ́rẹ́, ó fi omi oníyọ̀ rọ́pò rẹ̀, ó rán ènìyàn sí Dókítà. Lẹ́yìn náà ló gbé ìgò wo ìmọ́lẹ̀. "Èyí tó ti wọ ara rẹ̀ tó ṣíbí ìjẹun méjì," ló wí. 

Ọ̀gá Awóyẹmí dé, ó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀.

"Ta ló kọ orúkọ ara ìgò yẹn?"

"Èmi ni, sà."

"Kí ló wà nínú òfin kẹfà?"

"Kí a dà á nù, sà. Kí a lọ gba òmíràn."

Ọ̀gá yọ awò ojú rẹ̀. Ó nù ún, ó tún nù ún. "Ọwọ́ ta ni ìgò náà dé, tí kò dà á nù?" ló wí, àmọ́ kì í ṣe Caroline ló ń bi. "Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára ọmọ ènìyàn, mo ní kò sí àkókò. Èmi tí mo kọ òfin." Ó yíjú sí Caroline. "Gba òmíràn. Nísinsìnyí."

Caroline bẹ̀rẹ̀ mọ́ Janet létí. Ìyá ṣì dúró ní ẹsẹ̀ ibùsùn, ọmọ mọ́ àyà.

"Kí lorúkọ yín, ọkọ mi? Ẹ fi ẹnu ara yín sọ fún mi."

Janet la ojú díẹ̀. "O ò mọ̀ mí mọ́?"

"Mo mọ̀ yín. Ẹ sọ ọ́."

"Janet."

Caroline gbé káàdì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò, ó kọ orúkọ náà, ó kọ orúkọ bàbá rẹ̀, ó kọ nọ́ńbà, ó kọ aago. Omi ojú kán sórí bébà, ó ya á, ó kọ òmíràn. Kò gbójú sókè wo Ìyá. Bí wọ́n bá lé e kúrò nílé ọkọ, kí wọ́n lé e. Bí wọ́n bá lé e níbi iṣẹ́, ó tọ́. Ẹ̀rù ìyẹn kò tó nǹkan mọ́. Ẹ̀rù ṣíbí ìjẹun méjì ló wà lára rẹ̀.

Àyẹ̀wò fi hàn: Janet, O. Ẹlẹ́jẹ̀ O kan wà tí yàrá àyẹ̀wò ti mọ̀ láti ọdún tó kọjá. Caroline bá a lábẹ́ mọ́tò.

"Ẹ̀gbọ́n Salaudeen, ẹ̀jẹ̀ yín la fẹ́."

Salaudeen jáde, ó nu ọwọ́. "Ta lẹ fẹ́ fi fún?"

"Janet, àbúrò ọkọ mi."

Ó wò ó nítorí orúkọ tó gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó ká apá aṣọ, ó ní, "Bísímílà. Ẹ̀jẹ̀ mi kò mọ ṣọ́ọ̀ṣì yàtọ̀ sí mọ́ṣáláṣí. Àmọ́ má jẹ́ kí n rí abẹ́rẹ́ yẹn o, mo bẹ̀ ọ́."

Lẹ́ẹ̀mejì ni Ọ̀gá wò ó bóyá ó bára mu. Lẹ́ẹ̀mejì náà ni Caroline ka orúkọ sókè, Ọ̀gá ń wo káàdì. Wọ́n gbé e kọ́. Ẹ̀jẹ̀ Salaudeen wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Kí ó tó di ọ̀sán, èyí tó ń dà lára Janet ti rọlẹ̀.

Ṣùgbọ́n Dókítà Ògúntúndé kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìtọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Bí kíndìnrín bá dákẹ́, gbogbo èyí, asán ni."

Ìtọ̀ àkọ́kọ́ dé yàrá àyẹ̀wò ní aago méjì. Ó pọ́n, ó dúdú, bí omi tí a fi se pòròpórò ọkà bàbà. Caroline gbé e sójú fèrèsé. Ẹ̀jẹ̀ Ọládayọ̀ ló ń wò nínú ìgò yẹn, tó ti fọ́ yángá. Ọ̀gá kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì kọ ìwé mìíràn sí Dókítà nípa àṣìṣe òwúrọ̀, ó fi orúkọ ara rẹ̀ ṣáájú ti Caroline. Caroline ní, "Ọ̀gá, èmi ni mo ṣẹ̀." Ọ̀gá ní, "Jókòó, dúró de ìtọ̀ mìíràn."

Títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sí òmíràn. Ìtọ̀ kò wá. Wọ́n ní kí Caroline máa lọ sílé, ó lọ, kò jẹun. Eunice jókòó tì í lórí ẹní, ó ń sunkún, ó ń wí pé, "Èmi ni mo dá a lóhùn, èmi ni." Wọn kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni láàárín ara wọn. Ìyá kò wálé láti wọ́ọ̀dù.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ Ẹtì, Caroline ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá àyẹ̀wò kí Ọ̀gá tó mú kọ́kọ́rọ́ dé. Wọ́n jókòó, wọ́n ń dúró de ìtọ̀. Ní aago méje kọjá díẹ̀, wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ ní báráńdà. Ìyá fúnra rẹ̀ ló gbé e wá. Ó fi ìborùn rẹ̀ bo ìgò náà, bébà ara rẹ̀ nìkan ló hàn, ojú rẹ̀ ti wọnú.

Ó nà án sí Caroline. 

Bébà wà lára ìgò. Sísítà ti kọ ọ́ dáadáa, Caroline sì kà á sókè, orúkọ, orúkọ bàbá, nọ́ńbà, kó tó ṣí aṣọ lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé e sí ìmọ́lẹ̀.

Ó pọ̀, ó kún ìgò dé ọrùn. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí tíì tí wọ́n fi omi là. Kò gba ojú rẹ̀ gbọ́, ó lọ sí fèrèsé kejì. Ó kán oògùn sí i, ó wò ó lábẹ́ awò ńlá, ó fi bébà funfun sẹ́yìn rẹ̀, ó tún wò ó.

"Ó ń mọ́?" ni Ìyá bi í.

"Ó ń mọ́, Ìyá. Ó ń ṣiṣẹ́. Kíndìnrín rẹ̀ ń ṣiṣẹ́."

Ìyá di etí tábìlì mú. Ó sì yíjú padà sí wọ́ọ̀dù, ẹsẹ̀ rẹ̀ yára ju bó ṣe wá lọ.

"Kọ ọ́ sílẹ̀," ni Ọ̀gá wí.

Caroline mú bírò. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé lẹ́tà kìíní kò jọ nǹkan kan. Ọ̀gá kò gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fa àga jókòó, ó káwọ́, ó ń dúró de ìgbà tí ọwọ́ náà yóò balẹ̀.